Àwọn òbí wa tó ń dá gbé nílé: ètò orí fóònù wo ló ń ṣiṣẹ́ fún wọn gan-an?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Afọ́n

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, nílé lóko àti lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló gbé mi wá. Àtìgbà tí bàbá wa ti kú, tí àwa ọmọ sì ti fọ́n ká, ọ̀kan ní Kánádà, ọ̀kan ní Abuja, èmi l'Ékòó, màámi nìkan ló kù nínú ilé ńlá yẹn. Ọmọbìnrin kan ń bá wọn gbé o, ṣùgbọ́n ilé ìwé ló ń wà láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Wọn ò ṣàìsàn kankan tó le, oúnjẹ ò wọ́n wọn, ṣùgbọ́n tí mo bá pè wọ́n, ohùn wọn ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á kàn ní "a dúpẹ́", ọ̀rọ̀ tán. Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé mọ́, àwọn tí wọ́n jọ ń tajà l'Ọ́jà Igbó náà, àwọn kan ti kú, àwọn tó kù ò lè rìn jìnnà. A ra fóònù ńlá fún wọn, wọ́n fi lailọ́ọ̀nù wé e sínú àpótí kó má bàa bàjẹ́.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ń ṣe ètò fún àwọn àgbà lórí WhatsApp àti Zoom, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń pìtàn, wọ́n ń kọ́ nǹkan. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ tiyín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n máa lọ wò wọ́n, mò ń lọ, àwọn ọjọ́ tí mi ò sí ńbẹ̀ ni mò ń bi yín.

Ìyá Ìbejì Ọjà Jagun

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tẹ́ ẹ bá fi mú un ni. Tiwa, orí ìyá ọkọ mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Mẹ́fà ni wọ́n, gbogbo wọn ló ti tajà rí, wọ́n sì ti mọ ara wọn kí fóònù tó dé, èyí ṣe pàtàkì gan-an, ẹ má lọ ṣa àwọn àgbà tí ò mọra wọn rí jọ kẹ́ ẹ wá máa retí pé ọ̀rọ̀ á máa dún láàárín wọn níjọ́ kìíní. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, ohùn nìkan, a kì í ṣe fídíò, torí tí fídíò bá wà nínú ẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fẹ́ wẹ̀, wọ́n á fẹ́ wé gèlè, ìjọ́ tára wọn ò bá sì yá wọn ò ní fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí wọn. Nílé kọ̀ọ̀kan, ọmọ ilé kan tàbí ìyàwó ilé ló máa ń bá wọn tẹ fóònù, tó bá ti wọlé á gbé e sórí sípíkà, á sì kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kúrò níbẹ̀ o! Àgbà ò lè sọ tinú ẹ̀ tọ́mọ bá jókòó tì í tó ń gbọ́.

Ohun tó wá jẹ́ kó dúró di bá a ṣe ń wí yìí ni pé ẹnì kan ló ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá kan ìyá ọkọ mi, àtàárọ̀ ni wọ́n ti máa ń múra ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Wọ́n lè ní àwọn fẹ́ ki oríkì agboolé àwọn, wọ́n lè ní àwọn fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ń gba ìyàwó nígbà tí kò tíì sí mọ́tò bó ṣe wà yìí, wọ́n lè gbé àlọ́ kan sílẹ̀. Àwọn tó kù á máa já a, wọ́n á ní irọ́ ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ki ìdílé yẹn, àwàdà á bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń wá ọ̀rọ̀ fún wọn sọ, ó ti kú tipẹ́.

Nọ́ọ̀sì Arówómọlẹ̀

Ẹ jẹ́ n fi ti ìlera kún un. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìròyìn kan jáde ní oṣù kẹfà 2025, wọ́n ní nínú èèyàn mẹ́fà láyé, ọ̀kan ni ìdánìkanwà ń bá fínra, wọ́n sì ka ikú tó tó 871,000 lọ́dún mọ́ ọn lọ́rùn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ẹ̀ ni pé àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ ló pọ̀ sí jù, nǹkan bí 24 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé níbi tí wọ́n ti lówó dáadáa, nǹkan bí 11 ni. Ẹ máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé nǹkan òyìnbó ni, pé agboolé Yorùbá kún, kò sẹ́ni tó ń dá wà níbẹ̀. Mo máa ń bá àwọn àgbà pàdé lẹ́nu iṣẹ́ mi tí èèyàn mẹ́wàá ń kọjá lójú wọn lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó bá wọn sọ̀rọ̀ kọjá ẹ káàárọ̀.

Kẹ́ ẹ tó ra fóònù, kẹ́ ẹ tó da ẹnikẹ́ni sínú grúùpù, ẹ lọ yẹ etí wọn wò, ẹ yẹ ojú wọn wò. Mi ò sọ ọ́ lásán. Àwọn onímọ̀ tó ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ka ohun mẹ́rìnlá sílẹ̀ ní 2024 tó lè dá kún àrùn ìgbàgbé lọ́jọ́ ogbó, tó sì ṣeé wá nǹkan ṣe sí, etí tí kò gbọ́ràn dáadáa wà níbẹ̀, ojú tí kò ríran tí wọn ò tọ́jú wà níbẹ̀, àìrí èèyàn bá kẹ́gbẹ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ọ̀kan ló máa ń fa èkejì. Ẹni tí kò gbọ́ràn mọ́, á kọ́kọ́ máa ní ẹ tún un sọ, tó bá yá ojú á máa tì í, á wá máa ní "ẹ̀n-ẹ́n" sí gbogbo ọ̀rọ̀, kó tó pẹ́ á ní òun ò fẹ́ jókòó sáàárín èrò. Nígbà mìíràn ìdọ̀tí ló dí etí, tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ jáde lọ́sibítù ọ̀rọ̀ ti tán.

Ohun kan ṣì kù. Tẹ́ ẹ bá rí i pé àgbà náà ò jẹun dáadáa mọ́, kò sùn, ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ò wù ú mọ́, tó sì ti ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ti kọjá ohun tí grúùpù WhatsApp lè ṣe. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọsibítù tó sún mọ́ yín lẹ máa kọ́kọ́ lọ, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú, ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan wà ní UCH Ìbàdàn, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, láti 2012 ni wọ́n ti ṣí i, àwọn àgbà nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Ọmọ Ará Ghana

Tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Bàbá àgbà mi, Tamale ni wọ́n dàgbà sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èèyàn tó ti Ghana bọ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ, oṣù kọkànlá 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló filé fọ̀nà, tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ wálé. Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ fún wa. Àwọn tí wọ́n jọ wà ńbẹ̀ fọ́n sí Ìlọrin, Ọ̀fà, Èjìgbò, àwọn mìíràn sì padà sí Tamale nígbà tó yá. Àbúrò mi ló rí ọmọ ọ̀rẹ́ wọn kan lórí Facebook, la bá so wọ́n pọ̀ lórí WhatsApp, ọ̀kan mú òmíràn wá, ó di grúùpù.

Ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn, kò sẹ́ni tó ń tẹ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, àwa tá a wà nílé ò gbọ́ ọ rí, Hausa, Dagbani, Yorùbá, gbogbo ẹ̀ ló dàpọ̀ mọ́ra wọn. Wọ́n á ní ta ló rántí ẹni tó ń ta iṣu lẹ́bàá ibùdókọ̀, wọ́n á máa dárúkọ àwọn tíṣà wọn. Bàbá tó jẹ́ pé tá a bá kí i á kàn mi orí, ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta ló ń fi ránṣẹ́ báyìí.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé ẹ má wulẹ̀ wá ètò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún àwọn "arúgbó" kẹ́ ẹ wá ju ìyá yín sínú ẹ̀. Ẹ wádìí ibi tí wọ́n ti gbáyé wọn. Tó bá jẹ́ pé tíṣà ni wọ́n, ẹ wá àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó bá jẹ́ pé wọ́n gbé Jos tàbí Kano, ẹ wá àwọn tí wọ́n jọ gbé àdúgbò. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, àwọn tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, gbogbo wọn lọmọ wọn wà lórí Facebook.

Ọmọ Onílé Másífà

Ẹ má bínú o, èmi ò fara mọ́ ọn tán. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, wọn ò ní orí fóònù ni yóò ti mu ún. Mo mọ ilé tó jẹ́ pé àtìgbà tí wọ́n ti gbé Zoom fún bàbá wọn, ọmọ ò wálé ọdún mọ́, wọ́n ní àwọn ń rí i lójú fóònù. Fóònù ò lè bu omi fún èèyàn. Tí bàbá bá ṣubú ní báfúrúùmù, WhatsApp ò lè gbé e dìde. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi ra dátà yẹn, ẹ fún ọmọ àdúgbò kan kó máa wá jókòó tì wọ́n lójoojúmọ́, kí wọ́n jọ ta ayò. Ẹni tó wà nítòsí ló ń ṣe èèyàn lóore.

Ìyá Ìbejì Ọjà Jagun

Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọmọ àdúgbò ọmọ ogún ọdún, kí ló mọ̀ nípa ohun tí ìyá yẹn fẹ́ sọ? Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n ń wá, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ò sì lè rìn. Ẹ jẹ́ ká ṣe méjèèjì.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH

Iṣẹ́ ìwádìí tí mò ń ṣe sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí, torí ẹ̀gbọ́n Másífà ò jìnnà sóòótọ́. Ní 2020, àwọn Cochrane, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti kó ìwádìí ìlera jọ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wo àwọn ìwádìí tó wà lórí fídíò kọ́ọ̀lù fún àwọn àgbà. Mẹ́ta péré ló kúnjú òṣùwọ̀n wọn, Taiwan ni gbogbo ẹ̀, nílé ìtọ́jú àwọn àgbà, èèyàn 201 lápapọ̀. Wọ́n rí i pé ìyàtọ̀ tí fídíò kọ́ọ̀lù mú bá ìdánìkanwà wọn kéré, bóyá kò tilẹ̀ sí, wọ́n sì sọ pé ẹ̀rí ọwọ́ àwọn ò tó láti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ẹ wá wo irú ìpè tó jẹ́ o, nínú ọ̀kan lára wọn, kí wọ́n ṣáà ti bá ẹbí sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀ ni.

Ẹ wá fi wé èyí. Ní Austin, Texas, wọ́n mú èèyàn 240 lára àwọn tí wọ́n máa ń gbé oúnjẹ lọ bá nílé, ọ̀pọ̀ wọn àgbà, wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rìndínlógún tí wọn ò ju ọmọ ọdún 17 sí 23 lọ máa pe ìdajì wọn. Àwọn ọ̀dọ́ yìí kì í ṣe dókítà, wọ́n kàn kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń fetí sílẹ̀ ni, kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí wọ́n pè mú ọ̀rọ̀ lọ síbi tó wù ú. Fóònù lásán ni, kò sí fídíò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n pè, ní àkókò tí onítọ̀hún fúnra ẹ̀ mú, lẹ́yìn ìyẹn ó lè ní kí wọ́n dín in kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìdánìkanwà dín kù, ìbànújẹ́ ọkàn dín kù, àníyàn náà dín kù lára àwọn tí wọ́n pè ju àwọn tí wọn ò pè lọ. 2021 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọ̀kan ṣì wà tí wọ́n pè ní I-CONECT, lórí fídíò gan-an, èèyàn 186 tó ti lé ní 75, àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí èèyàn. Wọ́n ń bá wọn tàkúrọ̀sọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́fà. Ọpọlọ àwọn wọ̀nyẹn já gaara ju ti àwọn tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi ń pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nítorí náà ẹ̀rọ kọ́ ni ká máa wò. Ẹ wo iye ìgbà, ẹ wo bóyá àkókò ẹ̀ dúró sójú kan, ẹ wo bóyá àgbà ló ń sọ̀rọ̀ tàbí à ń sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Ọmọ Ajílété Bradford

Ẹ ṣeun gan-an ọmọ LAUTECH. Níbi tí mo wà yìí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní laini kan tí wọ́n ń pè ní The Silver Line, Esther Rantzen tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n tẹ́lẹ̀ ló dá a sílẹ̀, 2013 ló bẹ̀rẹ̀ káàkiri ìlú. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àgbà lè pè é lọ́fẹ̀ẹ́ tọ̀sán-tòru, wọ́n tún máa ń fi ẹnì kan sọ́dọ̀ àgbà tó bá fẹ́, onítọ̀hún á máa pè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ọ̀rẹ́. Ohun tí mo kọ́ lára ẹ̀ ni pé àgbà gbọ́dọ̀ lè pe èèyàn, kì í ṣe pé kó jókòó kó máa retí ìpè. Òru ló máa ń le jù fún ẹni tó ń dá gbé. Nínú ẹbí tiwa, a ti pín òru mọ́ra wa lọ́wọ́, torí aago ibi tá a wà ò dọ́gba, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston, tó bá di òru ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìrọ̀lẹ́ ṣì ni lọ́dọ̀ wọn, màmá kàn máa filáàṣì ni, wọ́n á pè wọ́n padà. Wọn ò náwó kankan.

Àwọn ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá dáadáa, a wá sọ màmá di tíṣà wọn. Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n á kọ́ wọn ní ìkíni, wọ́n á ní kí wọ́n ka ẹní, èjì, wọ́n á ṣàlàyé ìdí tí wọn ò fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Tí ọmọ ò bá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún un, wọ́n á pè mí láàárín ọ̀sẹ̀ láti fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá fẹjọ́ sùn bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Takie

Fóònù ni mò ń tún ṣe, àwọn àgbà sì pọ̀ lára àwọn oníbàárà mi, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe máa ń ṣe é fún wọn. Tí fóònù bá ti dé, mo máa ń kó gbogbo nǹkan kúrò lójú ẹ̀, á ku WhatsApp, ibi ìpè, tọ́ọ̀ṣì àti rẹ́díò. Lẹ́tà á tóbi tó bó ṣe lè tóbi tó, ìró á ròkè, iná ojú ẹ̀ ò ní tètè máa kú. Fún àwọn tí kò mọ̀wé, fọ́tò ojú ẹni kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń fi sára nọ́ńbà ẹ̀, tí wọ́n bá rí ojú ọmọ wọn wọ́n á tẹ̀ ẹ́, kò sóhun tí wọ́n fẹ́ kà. Ẹ pa ibi tí WhatsApp ti ń fa fídíò wálẹ̀ fúnra ẹ̀, torí ohun tó ń jẹ dátà àwọn àgbà tán nìyẹn, àwọn fídíò àdúrà àti àwàdà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan fóònù á ti kún, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Àtìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn onítẹlifóònù, ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 pé kí àwọn onítẹlifóònù lè fi tó ìdajì kún owó wọn, dátà ti di nǹkan téèyàn ń ṣọ́ lò. Ìpè olóhùn ò jẹ dátà tó ti fídíò rárá.

Èwo ni kẹ́ ẹ lò? WhatsApp tó fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, èèyàn 32 ló lè wà nínú ìpè kan, àwọn àgbà ò sì gbọ́dọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, tí wọ́n bá ti ju mẹ́jọ lọ ariwo á pọ̀, ẹni tí etí ẹ̀ ò dá dáadáa ò ní gbọ́ ẹnì kankan. Zoom dáa tó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ tàbí ìsìn, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, àwọn tó kù ń gbọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ò bá sanwó, ogójì ìṣẹ́jú ló máa já. Ẹni tó ní fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, ẹ má fi sílẹ̀, ẹ lè pe ẹni méjì tàbí mẹ́ta kẹ́ ẹ so ìpè pọ̀, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ti iná, ẹ ra àtùpà sólà tó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣáájì fóònù, ó ń gba àwọn tó wà níbi tí iná ò ti dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ àwọn oníjìbìtì. Àgbà tó ń dá wà tí ẹnì kan wá pè tó ń fohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ohunkóhun tó bá béèrè ló máa rí gbà. Ẹ lọ sínú WhatsApp kẹ́ ẹ ṣí ibi PIN ààbò tí wọ́n ń pè ní two-step verification, ẹ ṣètò ẹ̀ kó jẹ́ pé àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù nìkan ló lè fà wọ́n wọ grúùpù. Ẹ sọ fún wọn, ẹ tún un sọ, pé kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà tó bá wọlé sórí fóònù, wọn ò gbọ́dọ̀ kà á fún ẹnikẹ́ni, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹni yẹn ní òun ni pásítọ̀. Káàdì báńkì kò gbọdọ̀ ní nǹkan ṣe pẹ̀lú fóònù yẹn rárá. Àgbo tí wọ́n ń polówó lórí ẹ̀ pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn náà ń kọ́? Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lé e kí wọ́n tó pa oògùn dókítà tì.

Alhaja Sábó

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, èmi ni mo ń sọ ọ́. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ka ohun tẹ́ ẹ kọ fún mi, Ọlọ́run á bá wa dá yín sí, ṣùgbọ́n àwa tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ jẹ́ ká sọ tiwa.

Tẹ́ ẹ bá pè wá, ẹ ó ní ṣé a ti lo oògùn, ṣé a ti jẹun, ẹsẹ̀ ńkọ́. Ó dáa. Tó bá wá jẹ́ pé ìyẹn nìkan lẹ ń bi wá lójoojúmọ́, a ti di aláìsàn nìyẹn, bá ò tilẹ̀ ṣàìsàn. Èmi tí mo ń lọ ra ọjà ní Kano, tí mo fi òwò tọ́ ọmọ, tí wọ́n ń wá bá yanjú ìjà lọ́jà, kò sẹ́ni tó ń bi mí léèrè nǹkan kan mọ́. Wọ́n á ti ra ilẹ̀ tán kí wọ́n tó sọ fún mi. Wọ́n á ti sọ ọmọ lórúkọ tán. Ẹ máa bi wá ní ìmọ̀ràn lórí ìpè yẹn, kẹ́ ẹ sì lò ó nígbà mìíràn.

A ní grúùpù àsàlátù wa, àwa obìnrin, lẹ́yìn ìrun àsùbáà la máa ń wọlé. Ẹni tí kò bá wọlé, wọ́n á pè é kó tó di aago mẹ́jọ, tí kò bá gbé e, wọ́n á pe ọmọ ẹ̀. Nígbà tí ojú ń yọ mí lẹ́nu tí mi ò wọlé, fóònù mi ò sinmi. Mo ti mọ̀ báyìí pé tí mi ò bá sí níbẹ̀, ẹnì kan máa wá mi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ètò fún àwọn àgbà, kó fi èyí sí i.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Afọ́n

Alhaja, ẹ ṣé o mà. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ẹ̀yin tó kù náà, a dúpẹ́. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, màámi máa ń sọ pé àwọn ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, tá a bá ní kí wọ́n wọlé wọ́n á ní rárá. Èkejì, ẹ má bínú pé mò ń bi yín, tí ẹnì kan bá kú nínú wọn ńkọ́? Àgbà ni gbogbo wọn.

Ìyá Ìbejì Ọjà Jagun

Ìbéèrè gidi lẹ béèrè, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́ ti lọ, òmíràn ló wọlé sípò rẹ̀. A ti fi ẹnu kò ṣáájú pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ìròyìn ikú sójú grúùpù, kò sì gbọdọ̀ sí fọ́tò kankan. Ẹni tó bá gbọ́ á pe ọmọ tó wà nílé kọ̀ọ̀kan, ọmọ yẹn á jókòó ti ìyá ẹ̀, á sọ ọ́ fún un lójúkojú, kò ní jẹ́ òru. Nígbà tí wọ́n wá wọlé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹni tó kú ni wọ́n fi gbogbo àkókò yẹn sọ̀rọ̀ lé lórí, wọ́n ki oríkì ẹ̀, wọ́n sunkún, àwọn kan rántí ìjà tí wọ́n ti bá a jà. Ọmọ olóògbé ní ká jẹ́ kóun gbọ́, ó wọlé, ó gbọ́ nǹkan nípa ìyá ẹ̀ tí kò mọ̀ rí. Mo rò ó tẹ́lẹ̀ pé wọn ò ní fẹ́ padà wá. Wọ́n padà wá, gbogbo wọn.

Ọmọ Ará Ghana

Lórí "mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu", ẹ má ní kí wọ́n wá gbádùn ara wọn. Ẹ ní ẹ̀ ń wá ìrànlọ́wọ́ wọn. Ohun tá a sọ fún bàbá ni pé àwọn ará Tamale ń béèrè ohun kan tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló lè dáhùn, òótọ́ sì ni.

Nọ́ọ̀sì Arówómọlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ kúrú o, ogún ìṣẹ́jú. Ìpè gígùn máa ń rẹ wọ́n, wọn ò ní sọ fún yín. Ẹni tí ìgbàgbé ti ń bá jà, ẹ má fi sáàárín èrò, ẹni kan ṣoṣo tí ohùn ẹ̀ mọ́ ọn létí ni kó máa pè é, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kó kọrin àtijọ́ fún un.

Ọmọ Onílé Másífà

Mo ti gbọ́ ohun tí gbogbo yín wí. Tí ọmọ tó ń bá wọn gbé bá wà nílé ìwé tí fóònù sì ní ìṣòro, mo lè máa yà wò wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀, mo máa ń gba Ìsàlẹ̀ Afọ́n kọjá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Afọ́n

Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á ṣe tiyín náà. Mo ti bá màámi sọ ọ́ lálẹ́ àná, mo ní àwọn ìyá kan l'Ọ́jà Jagun ń jiyàn lórí ẹlùbọ́, èwo ni wọ́n ń bọ̀ tó ń dúdú, èwo ni kì í dúdú, torí ẹlùbọ́ ni wọ́n tà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní ta ni àwọn wọ̀nyẹn tí kò mọ̀yẹn? Wọ́n ní kí n ní kí wọ́n pè. Ìyá Ìbejì, ṣé àyè ṣì wà?

Ìyá Ìbejì Ọjà Jagun

Ó wà. Ẹ fi nọ́ńbà ọmọbìnrin yẹn ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí. Kó ti gbé fóònù sí ṣáájì kó tó lọ sílé ìwé. Ọjọ́rú, aago mẹ́rin, ohùn nìkan.